Owó Orí Méjì: Níbo Ni Ó Yẹ Kí Ọwọ́ Ìjọba Mọ?

Ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ ìjọba mọ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, owó orí àti ìtọ́jú aláìní ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi, láti inú èdè ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ kan náà, "owó orí", ni Yorùbá fi ń pe ohun méjì. Owó tí ẹbí ọkọ ń san fún ẹbí ìyàwó, owó orí ni. Owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, owó orí náà ni. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, àwọn ìlú mẹ́ta tí wọ́n múlé ti ara wọn, bí a bá gbé owó orí kalẹ̀ níbi ìdána, ojú gbogbo ẹbí ni a ti ń gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ó san án mọ ẹni tí ó gbà á, ó sì mọ ohun tí ó tìtorí rẹ̀ san án. Ẹbí ìyàwó mìíràn a tilẹ̀ dá a padà lójú ẹsẹ̀, wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Ti ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń san án kì í sábà mọ ibi tí ó wọlé sí.

Irú àìmọ̀ yìí wà lára ohun tí ó dá ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1968. Àwọn àgbẹ̀ kò sọ pé àwọn kò ní san rárá. Òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni wọ́n ní agbára àwọn ká. Ìjọba kò gbọ́. Kí ọdún 1969 tó parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ṣòfò, títí kan ti Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bá wọn dá sí i, tí owó orí fi wálẹ̀ sí £2. Òkè mẹ́jọ ni £2. Òkè méjì péré ni ó fi ju ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ní àwọn lè san! Òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí N800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́n.

Ní ti ìgbéyàwó, òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ mọ ààlà. Ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìtúká rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó yàn fún ìjọba ìbílẹ̀, bí Ìfẹ́lódùn ní Ìkìrun, tàbí Odò-Ọ̀tìn tí Òkukù àti Ìníṣà wà lábẹ́ rẹ̀, ni kí wọ́n máa kọ ìgbéyàwó sínú ìwé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kíkọ sínú ìwé ni. Ẹlẹ́rìí ni ìjọba, kì í ṣe alárenà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bí ẹbí bá fi tipátipá fún ọmọ lọ́kọ ńkọ́? Bí wọ́n bá lé opó jáde nílé ọkọ rẹ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ibẹ̀ kọ ọkọ tí wọn kò fẹ́, tí a sì dá owó orí padà. N kò ní kí a ti kóòtù pa. Ibi tí ẹnìkan bá ti ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹni méjì àti ẹbí méjì bá ti ṣe àdéhùn láìsí ipá, ẹ̀yìn òde ni kí ó dúró sí.

Ó wá ku ìtọ́jú aláìní. Lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó wà lórí oyè láti 2010 dé 2018, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fún àwọn arúgbó kan ní N10,000 lóṣù, ètò tí a pè ní Àgbà Ọ̀ṣun. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ní 2015, ìjọba kan náà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó oṣù púpọ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba ààbọ̀ owó. Ta ni ó bọ́ ilé àwọn wọ̀nyẹn? Ẹbí ni, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, ìyálọ́jà tí ó ta gàrí láwìn ni. Ẹni tí ó ń gbé ẹrù bọ̀ láti àárọ̀ ni kí ìjọba ràn lọ́wọ́; kí ó má ṣe já ẹrù náà gbà, kí ó sì wá sọ ọ́ sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Ẹni tí kò ní ẹbí, àti àìsàn tí ó ju agbára ẹbí lọ, ti ìjọba ni ìwọ̀nyẹn.

Bí ìjọba bá fẹ́ gba owó orí, kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lára ti ìyàwó: kí ó gbà á lójú gbogbo ẹbí, kí ó sọ ohun tí ó gbà á fún, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá a padà.