Kí Ló Wà Nínú Fóònù Tí A Fi Ń Gba Owó?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé, Òkè-Odò

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣe tíṣà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló mú mi dìde.

Ní Fẹ́búárì 2023, nígbà tí owó náírà dàwátì tí gbogbo wa ń gba tránsífà, ọmọkùnrin kan ra epo kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ mi, ₦54,000. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Mo rí orúkọ mi, mo rí iye owó, mo ní kó máa gbé epo lọ. Títí di òní, kọ́bọ̀ kò wọlé.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ló là á yé mi. Ó ní, "Màmá, kọ̀ǹpútà ni fóònù yín. Gíláàsì àti bátìrì tí ẹ ń fọwọ́ kàn, ara rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń sọ fún ara náà ohun tí yóò ṣe, òun ni sọ́fítíwíà. Ẹ ò lè fọwọ́ kàn án." Ẹ wo ọjà wa yìí. Ṣọ́ọ̀bù àti páànù nìkan kọ́ ni ọjà. Bí kò bá sí ìyálọ́jà tó ń pín àyè, tó ń parí ìjà, ta ni yóò lè pàtẹ?

Oríṣi kìíní nìyẹn, ìyálọ́jà inú ẹ̀rọ. Android ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù wa, Windows wà nínú kọ̀ǹpútà tí a fi tẹ ìwé yìí. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì pàápàá ní tirẹ̀.

Oríṣi kejì ni ọlọ́jà tó wá pàtẹ, tí wọ́n ń pè ní áàpù. Kálukú ló ní ohun tó ń tà: WhatsApp fún ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, Excel fún ìṣirò, áàpù báńkì fún owó. A kì í wá ẹja lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, ẹ má wo fọ́tò WhatsApp kí ẹ ní owó ti wọlé.

Oríṣi kẹta ni olè tó wọṣọ ọlọ́jà. Áàpù kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ya àwòrán rìsíìtì lọ. Yóò kọ orúkọ yín, yóò kọ iye owó, ṣùgbọ́n kò bá báńkì kankan sọ̀rọ̀. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà, wọ́n lè fi ránṣẹ́ kó jọ ti báńkì. Owó wa kò sí nínú fóònù oníbàárà, inú àkọsílẹ̀ báńkì ló wà. Bálánsì ni kí a máa wò, lórí fóònù tiwa. Onífóònù kékeré lè tẹ nọ́ńbà tí báńkì rẹ̀ fún un. Ká sì ti mọ iye tó wà níbẹ̀ kí oníbàárà tó san.

Ẹ má tìtorí èyí bú oníbàárà o! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa fa álẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, owó lè ti wọlé. Ẹ fún un ní bẹ́ǹṣì jókòó.

Áàpù tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá fi ránṣẹ́, ẹ má fi sínú fóònù. Òmíràn máa ń yọjú wo PIN.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń wo bálánsì, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé, kó mú fóònù rẹ̀ dání. PIN yín, ẹ má fi han èmi náà o.