Òjé Inú Ẹran: Ohun Tó Ṣì Ń Pa Kọ́ńdọ̀



Kọ́ńdọ̀ ilẹ̀ Kalifóníà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá mọ igún ti mọ díẹ̀ nínú ìwà rẹ̀: òkú ẹran ló ń jẹ, orí rẹ̀ pá, èékánná rẹ̀ kò sì lágbára láti pa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó tóbi ju igún tiwa lọ fíìfíì. Bó bá na ìyẹ́ méjèèjì, fífẹ̀ rẹ̀ lè ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ. Ara tó wúwo báyẹn kò ṣe é fi ìyẹ́ lílù nìkan gbé kiri. Nítorí náà, yóò bà sórí àpáta láàárọ̀, yóò na apá sóòrùn, títí ilẹ̀ yóò fi gbóná tí atẹ́gùn yóò sì máa ru sókè. Atẹ́gùn yẹn ló ń gùn. Bí oòrùn bá sì mú jù, ìgbẹ́ ló ń yà sí ara ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè tutù. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó ń ṣiṣẹ́ fún un.

Kì í kánjú bímọ. Ó ń tó ọdún 6 kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọdún méjì méjì. Bí ikú bá ń mú àwọn àgbà irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, kò sí bí ọmọ yóò ṣe tètè dípò wọn.

Ní 1982, 22 péré ló kù láyé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pinnu láti kó gbogbo wọn sínú ọgbà ẹranko, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 1987, wọ́n mú èyí tó kẹ́yìn nínú igbó, akọ kan tí wọ́n ń pè ní AC-9. Gbogbo kọ́ńdọ̀ Kalifóníà wá di 27, inú ọgbà ni gbogbo wọn wà. Àwọn olùtọ́jú a mú ẹyin àkọ́kọ́ kúrò, kí ìyá lè yé òmíràn. Ẹnìkan á fara pamọ́, á ki ọwọ́ bọ ọmọláńgidi tí wọ́n ṣe bí orí kọ́ńdọ̀, á máa fi ẹnu rẹ̀ fún ọmọ ẹyẹ lẹ́ran, kí ọmọ náà má baà dàgbà kó máa wá ènìyàn kiri. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀. AC-9 fúnra rẹ̀ padà sígbó ní 2002. Lónìí wọ́n ti lé ní 500.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Èmi kò gbà. Bí ọdẹ bá yin ọta òjé lu àgbọ̀nrín, ọta náà á fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran. Ọdẹ á la ẹran, á da ìfun sígbó, á gbé ìyókù relé. Kọ́ńdọ̀ á wá jẹ ìfun náà. Omi ikùn rẹ̀ mú débi pé àrùn inú òkú ẹran kì í rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n omi kan náà ló ń yọ́ òjé sínú ẹ̀jẹ̀. Ìfun rẹ̀ á wá rọ, oúnjẹ kò ní lọ mọ́, ebi á sì pa á pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Kò sí ohun mìíràn tó ń pa wọ́n nínú igbó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú wọn, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì tún ń tú wọn sílẹ̀ sínú igbó kan náà.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2019, òfin Kalifóníà kò gbà kí ọdẹ fi ọta òjé pa ẹran rárá. Ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí kọ́ńdọ̀ wà pẹ̀lú, wọn kò ṣòfin. Ọta tí kò ní òjé ni wọ́n ń fún ọdẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń gbà á. Àwọn Yurok, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Kalifóníà, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ kọ́ńdọ̀ ṣe ètùtù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀ ná kí wọ́n tó tú ẹyẹ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn ní 2022. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òjé pa ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà. Ọta ìbọn atẹ́gùn ni wọ́n bá nínú rẹ̀.