ỌMỌ ÀGBẸ̀ NÍ ILÉ ẸGBẸ́ ONÍṢÒWÒ IRÈ OKO

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn sọ ní ìpàdé wọn ní agbègbè Màpó, Ìbàdàn

 

Lónìí, a ò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a ò sọ̀rọ̀ irúgbìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ni. Tí àkókò IT bá tó, ìyẹn ètò SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, báńkì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wá kiri. Mo fẹ́ kí ẹ rán díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko, irú bíi Cocoa Association of Nigeria. Ẹ ó ní, kí ni ọmọ ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Ní Màpó yìí ní 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ wá láti abúlé nítorí owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí owó kòkó kò sì tó nǹkan. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ẹ̀mí ṣòfò kó tó rọlẹ̀ ní 1969. Nígbà náà, Makẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ló ń fi iye lé kòkó. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ tú Bọ́ọ̀dù ká. Láti ìgbà náà, àwọn oníṣòwò ló ń bá òyìnbó dúnàá-dúrà, ẹgbẹ́ wọn ló sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórí òfin ọjà. Bí ọmọ àgbẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò sọ ti ẹni tó wà nídìí kòkó?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ní oṣù June 2015, European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, òògùn kòkòrò tó wà nínú Sniper. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan; èyí tí wọ́n bá jẹ́ 0.03 títí dé 4.6. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n ní 2016 wọ́n sún un dé 2019. Bẹ́ẹ̀, láti 2013 ni ìwé ìkìlọ̀ ti ń jáde. Mélòó nínú àwọn tó ń da Sniper sínú àpò ẹ̀wà ló gbọ́ ọ?

Ti kòkó náà ti dé. Òfin European Union ti 2023 sọ pé kòkó tó wá láti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn December 31, 2020 kò ní wọ ọjà wọn. Wọ́n fẹ́ mọ oko tí kòkó ti wá gan-an. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, wọ́n fẹ́ àwòrán ààlà rẹ̀ yíká. Ní 2024 àti 2025, wọ́n sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú. Ẹ má sùn lé e.

OHUN TÍ ỌMỌ YÓÒ KỌ́

1. Yóò ka ìwé òfin, yóò sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá tó máa yé bàbá rẹ̀.

2. Yóò mọ ìwé tí irè oko fi ń kúrò nílùú: ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, Form NXP ní báńkì, ìwé ẹ̀rí ìlera irè oko lọ́dọ̀ àwọn Quarantine.

3. Yóò máa kọ iye kòkó sílẹ̀, ti abà, ti Ìbàdàn, ti London, yóò sì rí ibi tí owó gbà lọ.

4. Yóò mọ bí a ṣe ń kọ ẹ̀dùn ọkàn sínú ìwé tí ìjọba yóò kà.

Ẹnìkan lè ní èrè ara wọn ni ẹgbẹ́ oníṣòwò ń wá. Òótọ́ ni. Ìdí tó fi yẹ kí ọmọ wa jókòó níbẹ̀ kó gbọ́ nìyẹn.

ÌMỌ̀RÀN

Ẹ̀yin òbí, owó tí wọ́n ń san lè má tó owó ọkọ̀. Nígbà mìíràn, wọn kì í san rárá. Ẹ tètè gbèrò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tètè gba lẹ́tà nílé ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ ṣe é, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ lè jókòó nípàdé. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sínú lọ́gíbúùkù.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ilé wa wà ní Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, oko wa wà lọ́nà Àkànràn. Tí ọmọ bá délé ní ọjọ́ Sátidé, kó sọ ohun tó gbọ́ ní agbo-ilé, kí ẹni tó ń lọ sóko ní ọjọ́ Mọ́ńdè gbé e dé abà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà l'Ọ́jà'ba náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.