Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà
Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni fún àwọn ará ilé ìkàwé, lórí níní ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì méjì

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn, bí kò ṣe ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé èyí kò kan òun, kí ó rántí oní-POS tí ń san owó fún un ní ìkóríta, kí ó rántí ìdánwò JAMB tí àwọn ọmọ wa ń forúkọ sílẹ̀ fún, kí ó sì rántí ilé ìwòsàn tí ìwé aláìsàn rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀nà yìí bá dí, gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú ti rí. Ní oṣù July 2009, okùn abẹ́ òkun tí à ń pè ní SAT-3 bàjẹ́ ní agbègbè Benin. Benin, Togo, Niger àti Nàìjíríà ni ó jìyà rẹ̀, nítorí pé okùn abẹ́ òkun mìíràn kò tíì máa ṣiṣẹ́ fún Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, okùn ń pọ̀ sí i: MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS tẹ̀ lé wọn ní 2012, Equiano sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wàhálà ti tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ pọ̀ nínú òkun lẹ́bàá Abidjan ní Côte d'Ivoire. Àwọn ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fara gbá a dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àtúnṣe sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ní láti lọ fa okùn náà sókè láti ìsàlẹ̀ ibú.

Glo-1 àti Equiano kò já ní ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọ̀nà kan lórí okùn tí kò já rí ibi gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, tí àwọn méjèèjì sì ń gba inú okùn tí ó já, owó ọ̀nà méjì ni ó san, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ọ̀nà méjì náà kò pàdé níbi afárá kan.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn? Íntánẹ́ẹ̀tì a máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, a sì kọ àdírẹ́sì sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní router ni ó dúró ní ìkóríta, tí ń ka àdírẹ́sì wọ̀nyí, tí ó sì ń tọ́ka ọ̀nà. Bí ilé ìwòsàn kan bá ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, a ó pàṣẹ fún router pé kí ó máa gba ọ̀nà kìíní, kí ó sì yà sí ọ̀nà kejì nígbà tí tàkọ́kọ́ bá dí.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Router tí a kò kọ́ dáadáa a máa wo kìkì wáyà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wáyà náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, a rò pé àlàáfíà ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà lè ti já ní Èkó tàbí nínú òkun. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un pé kí ó máa gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kí ibi tí ó jìnnà, kí ó sì máa dúró de ìdáhùn. Kí ibi tí yóò máa kí tó méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má baà sá kúrò lójú ọ̀nà tí ó dára nítorí pé ẹnìkan ṣoṣo kò dá a lóhùn.

Irú èyí tó fún ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ kìíní yá wa kì í bá wa lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì. Ẹni tí ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìta lọ́wọ́ yóò ní láti tún ìpè náà pè.

Ní ti báńkì àti yunifásítì, ọ̀nà wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn a gba àdírẹ́sì tiwọn àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ lọ́dọ̀ AFRINIC, ẹgbẹ́ tí ń pín in ní Áfíríkà. Wọn a sì fi BGP kéde àdírẹ́sì náà fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì. BGP ni èdè tí àwọn router ńlá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1989 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Router méjì tí ń sọ ọ́ a máa kí ara wọn lóòrèkóòrè. Ìlànà rẹ̀ dábàá pé bí ìṣẹ́jú àáyá 90 bá kọjá láìgbọ́ ohùn ẹnìkejì, kí a kà á sí ẹni tí ó ti lọ, kí a sì gba ọ̀nà kejì. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀ lè fi ìlànà BFD kún un, èyí tí ó lè mọ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró láàárín ilé-iṣẹ́ ńlá méjì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Àdírẹ́sì tirẹ̀ nìkan ni kí ó kéde. Bí ó bá kéde fún ẹnìkejì ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkíní, ayé yóò rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà gbà. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù November 2018, nígbà tí àṣìṣe nínú ètò router MainOne mú kí ọ̀rọ̀ tí ń lọ sọ́dọ̀ Google ṣìnà fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì tún un ṣe.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni mo fi sí ìparí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà oko tí a kò rìn, igbó ni í dí i. Ọ̀nà kejì lè ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé a kò san owó rẹ̀ tàbí pé eku gé wáyà rẹ̀ jẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀, nítorí pé ọ̀nà kìíní ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí tàkọ́kọ́ bá já ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ wa ṣófo. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá sọ pé àwọn ti ní ọ̀nà méjì, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní: okùn abẹ́ òkun wo ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ǹjẹ́ kòtò ẹ̀bá títì tí wọ́n ri wáyà wọn sí yàtọ̀ síra, ǹjẹ́ iná ọba kan náà kọ́ ni ó ń gbé méjèèjì ró? Èkejì: ṣé ọ̀nà kejì lè ru gbogbo ẹrù, bí kò bá sì lè rù ú, iṣẹ́ wo ni yóò kọ́kọ́ kọjá? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò gbọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá kú? Ẹ̀kẹrin: ọjọ́ wo ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ wáyà kìíní gbẹ̀yìn, láti wò bóyá iṣẹ́ yóò máa lọ?

Ó yẹ kí a máa ṣe ìdánwò yìí lóṣooṣù, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí a bá ti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, kí a sì kọ iye ìṣẹ́jú tí ìyípadà náà gbà sínú ìwé. Kí a dá wáyà náà padà, kí a tún wò ó bóyá iṣẹ́ padà sí ọ̀nà kìíní. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń bẹ̀rù láti yọ wáyà ní ọjọ́ àlàáfíà ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò tíì ní ọ̀nà kejì.

Kí ọ̀nà má ṣe dí mọ́ wa o.