Ọ̀nà Tí Kò Tó Máìlì Kan

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwa náà ni.

Ìlú kan wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, Coronado ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 20,000. Ní ìkángun ìlú náà ni ibùdó ńlá àwọn ọmọ ogun ojú omi wà láti ọdún 1917, North Island ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ òfúrufú ń gbéra níbẹ̀, ọkọ̀ ogun ńláńlá sì ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ti inú ìlú lọ sí ẹnu ibùdó náà, nọ́ńbà 282 ni wọ́n fún un. Kò tó máìlì kan. Títì méjì ni ó pín sí: Third Street ni mọ́tò ń gbà lọ, Fourth Street ni wọ́n ń gbà bọ̀.

Iwájú ilé onílé ni títì méjèèjì gbà kọjá. Nígbà àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó mọ́tò sọdá láti San Diego. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1969, wọ́n ṣí afárá tí ó gùn ju máìlì méjì lọ. Láti ìgbà náà ni mọ́tò ti ń rọ́ wọ ìlú. Ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ ní ibùdó kò jẹ̀bi. Onílé tí ariwo kò jẹ́ kí ó sinmi kò jẹ̀bi.

Wọ́n gbèrò láti gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, kí mọ́tò ibùdó yé gba iwájú ilé. Ní ọdún 2010, wọ́n bi àwọn ará ìlú. Wọ́n dìbò, àwọn tí kò fẹ́ ẹ ni ó pọ̀ jù, wọ́n sì pa ètò náà tì. Ìnira náà kò tán, ṣùgbọ́n a bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ ohun tí ó ń jẹ́ bárékè. Ẹ̀yin ará Kàdúná, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ẹ kò ṣàì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tó ka ẹjọ́ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, tàbí tí a ń ṣe òkú àgbà, a ó ta kánópì sójú títì, a ó to àga, ìlù a máa dún títí di alẹ́. Aládùúgbò tí ó fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù yóò dé ibẹ̀, yóò pẹ̀yìndà. Lójú tiwa, ìnáwó ọjọ́ kan ni. Lójú tirẹ̀, ẹ̀mí ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín. Èkínní, kí a tó dí títì, kí a lọ sọ fún máì-úngúwà àti gbogbo ojúlé tí ó wà lápá ọ̀tún àti òsì, kí a sì gbọ́ èsì wọn. Èkejì, kí a fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ méjì dúró síbẹ̀ títí ìnáwó yóò fi parí, láti máa júwe ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a máa wo àdúgbò pẹ̀lú kí a tó ta kánópì. Ìnáwó ayọ̀ ni a ó máa ṣe o.