Ọmọ Odò-Ọwá lójú Ọ̀nà Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Eruku! Ibo lèèyàn fẹ́ sá fún Ọlọ́run sí? Ọmọ ìtòsí wa ní Odò-Ọwá, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì. Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń tún un ṣe lọ́wọ́ ló ní òun gbọ́ ohùn: fiṣẹ́ yìí sílẹ̀, lọ wàásù. Kò kọ́kọ́ gbà. N ò bá a wí. Owó oṣù ìjọba láyé ìgbà yẹn, ta ni yóò jù ú nù? Ìpè náà ò dákẹ́. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Nígbà tó di 1930, Iléṣà náà lèrò ti ń wọ́ tọ̀ ọ́ l'Ókè-Oyè.