Gíga Omi Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àpótí ẹja olómi tútù tí ẹgbẹ́ fẹ́ fi ta yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ. Oníròyìn ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà, àmọ́ mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é.

Acrylic la fẹ́ fi ṣe é. Ẹnì kan ní ká ra èyí tó fẹ́lẹ́, ká fi owó tó kù ra ẹja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rò ó wò.

Bí omi bá ṣe ga tó ló ṣe ń ti ara àpótí tó. Tiwa yóò gùn ní mítà 1.2, yóò sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 60. Omi inú rẹ̀ á máa ti ojú rẹ̀ síta bí ẹrù kìlógíráàmù 216. Tá a bá gbé e ga sí sẹ̀ǹtímítà 90, ó di 486! Ìdajì péré la fi kún gíga, àmọ́ ìtì yẹn ju ìlọ́po méjì lọ.

Ṣùgbọ́n ìnípọn náà lérè tirẹ̀. Tí ìnípọn acrylic bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ má sì fi ti dígí wọ̀n ọ́n, acrylic ń tẹ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Ti omi tútù ńkọ́? Ẹ wo ife omi tútù lórí tábìlì lọ́sàn-án, ṣé ẹ rí bó ṣe ń làágùn? Ooru tó ń gba inú acrylic kọjá kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti dígí. Bó bá tún wá nípọn, kò ní tètè làágùn, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù náà á sinmi díẹ̀.

Ní Monterey, l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí àpótí omi òkun tútù kan ní 1984. Omi rẹ̀ ga tó mítà 8.5, acrylic ojú rẹ̀ sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 18. Àmọ́ ìnípọn nìkan kọ́ o. Ní Berlin, ní 16 oṣù Kejìlá 2022, AquaDom, àpótí acrylic inú hòtẹ́ẹ̀lì tó gba omi lítà mílíọ̀nù kan, fọ́ yángá lójijì. Ìdájí ni, ènìyàn méjì ló fara pa. Bó bá ṣe ọ̀sán ńkọ́? Àwọn olùwádìí ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló fà á, àmọ́ ojú ìlẹ̀pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí.

Àbá mi rèé. Ká ra mílímítà 12, ká sì fi ìgbátí dè é lókè yíká. Bí a ò bá fẹ́ ìgbátí, kó jẹ́ 19. Kí ọ̀jáfáfá lẹ ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀. Ká rọ omi kún un níta fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹja tó dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi spirit nù ún, ó máa ń sán.

Bí owó ò bá tó, ká dín ẹja kù. Àwọn ọmọ ni yóò máa fi imú kan ojú àpótí yẹn láti wo ẹja. Ẹ jẹ́ kó nípọn.